Ásíìdì Ni Kó Lọ Bá Omi

Sábíù, dúró ná. Gbé garawa yẹn sílẹ̀.
Wọ́n ní omi kò lọ́tàá;
ẹni tó pa á lówe kò dé ìsọ̀ wa ní Páńtẹ́kà rí.
Omi ni yóò kọ́kọ́ wọ àgbá,
kí ásíìdì tó tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀,
bí ọkọ ìyàwó tí ń wọ ilé àna.
Bí o bá yí i padà, yóò hó, yóò ta sókè,
yóò wá ojú rẹ kàn.
Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ojú kan ni mo fi ń wò ọ́.

Òpó fèrèsé tí wọ́n gbé wá láti ilé ìwòsàn Rìgásà
gùn ní mítà mẹ́ta. Àgbá wa kò pé méjì,
àgbá búlúù méjì tí mo là, tí mo lẹ̀ pọ̀.
A ó ti orí rẹ̀ bọ omi, lẹ́yìn náà, ìdí.
Ilà kan yóò wà láàárín. Mo ti sọ fún wọn.
Wọ́n ní kò burú, aláìsàn kì í wo fèrèsé.
Mo ní aláìsàn ló ń wò ó jù.

Da yìnyín Làráì sí i, kí ara omi má gbóná.
Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, dé ìgúnpá. Gíláàsì.
Ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, kí ọyẹ́ gba èéfín jáde.
Ìfófó tó ń ru lára òjé yẹn, iná ń sùn nínú rẹ̀:
sọ fún Gàmbò kó lọ fa sìgá rẹ̀ nídìí dọ̀ngóyárò.
Má fi wáyà bàbà dè é o,
bàbà yóò yọ́, yóò ba ọbẹ̀ jẹ́.
Àpò kán-ún wà lẹ́nu ọ̀nà.
Bí ásíìdì bá dà sílẹ̀, òun ni kí o wọ́n lé e,
kì í ṣe àdúrà.

Iná ti dé? Tan ẹ̀rọ.

Láàárín wákàtí kan, òpó yìí yóò hu awọ,
awọ tó ní ihò bí afárá oyin,
tí ojú kò lè rí;
ibẹ̀ ni aró yóò wọ̀ sí.
Bàbá rẹ àgbà fi ọwọ́ lásán ro aró ní kòtò Kánò,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú wọ sàréè.
Tìrẹ kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, fà á jáde. Rọra.
Wò ó: ilà náà nìyẹn, láti etí dé etí,
bí èyí tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kọjá.
"Ọ̀gá, ó jọ yín!"
Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Sábíù! Má fi ìbọ̀wọ́ yẹn nu ojú.