Pọ́n-ùn

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní Òkèsà,
Tíṣà Ajílẹ́yẹ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo sójú pátákó,
ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nawọ́.
Mo nawọ́. "Owó ni, sà."
Morádékẹ́ dìde: "Rárá o, ìwọ̀n kòkó ni."
Ọmọ alápatà tó jókòó lẹ́yìn pariwo:
"Iyán ni! Kí wọ́n gún un!"
Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó ní gbogbo wa la gbà á,
ó sì tún na ẹni tó pariwo.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin iná.
Bàbá mi àgbà, Fámúrewá, ń sá kòkó lórí ẹní.
"Bàbá, kí ni pọ́n-ùn?"
Kò wò mí. Ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó.
"Pọ́n-ùn ni ohun tí àtàǹpàkò akọ̀wé ń jẹ."

Ó ní lọ́dún kan tí òjò kọ̀ tí kò dá,
òun kó àpò mẹ́ta láti oko dé ìdí ìwọ̀n,
akọ̀wé gbé àtàǹpàkò há etí irin,
àpò mẹ́ta di méjì àbọ̀ lójú òun.
Ọrùn òun ló ru kòkó náà, ọrùn mọ̀ bó ṣe wúwo tó,
ṣùgbọ́n ọrùn kì í kọ nọ́ńbà.

"Tèmi yàtọ̀," ni ìyá àgbà wí láti ìdí ààrò.
Wọlé-wọlé ló mú ewúrẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú,
pé ó jẹ òdòdó Ajẹ́lẹ̀.
Wọ́n sé e mọ́ ọgbà onígi lẹ́yìn kánsù;
pọ́n-ùn ni wọ́n ń pe ọgbà náà.
Ibẹ̀ ló bí ìbejì sí.
Wọ́n gbowó orí mẹ́ta.
"Mo fi pọ́n-ùn gba ewúrẹ́ kúrò ní pọ́n-ùn,
mo délé, mo gún iyán, kò lọ lọ́fun."

Mo ti di akọ̀wé kóòtù kí n tó ra ìwé atúmọ̀ èdè,
àlòkù tó ki bí búrẹ́dì, lẹ́bàá ọjà Atákúmọ́sà.
Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.
Èyí tó jẹ́ ìwọ̀n, ará Róòmù ló ni ín;
ó bá oníṣòwò rìn, ó bí owó sọ́nà,
nígbà tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ka fàdákà.
Èyí tó jẹ́ ọgbà ẹran, ọmọ onílẹ̀ ni,
kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀ dájú.
Èyí tó ń gún nǹkan, orúkọ rẹ̀ kúrú nígbà èwe;
lẹ́tà kan ló lẹ̀ mọ́ ọn nídìí lọ́nà,
bí èèmọ́ ti ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ará oko.
Àlejò mẹ́ta, ẹ̀wù kan.

Mo pa ìwé dé, mo ń fi èdè tèmi yangàn:
àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn ló ń yà wọ́n fún wa.
A pọn omi. A pọ̀n ọmọ. Ọsàn pọ́n.
Àfi bí mo ṣe rántí pé irọ́ ni mò ń pa.
Pọ́n kan náà ni wọ́n fi ń pọ́n àdá;
òun náà ló pọ́n bàbá mi àgbà lójú lọ́dún kòkó yẹn,
tí wọ́n sì tún fi ń pọ́n akọ̀wé lé.

Lánàá, ní ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára,
nọ́ọ̀sì gbé ọmọ ọmọ mi lé ìwọ̀n.
"Kílò mẹ́rin àbọ̀, màmá."
Mo ní, "Pọ́n-ùn mélòó nìyẹn?"
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi owó ẹyọ sanwó.
Mo gba ọmọ, mo tẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn,
mo sán ọ̀já.

Lẹ́nu géètì, ewúrẹ́ kan ń jẹ òdòdó ìjọba.
Mo ní kó tètè jẹun.