Gbọn Bàtà Rẹ

Magirita Garises kò tíì kí mi káàbọ̀ tán
tó ti nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi:
"Gbọn bàtà yẹn láràárọ̀. Gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì."
Mo rẹ́rìn-ín. Ará Windhoek ni mí,
mo rò pé kìnnìún ni yóò sọ.

Lálẹ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò
sí ìdí òkúta tí mo fi ṣe àga lọ́sàn-án:
àkeekèé méje, wọ́n ń tàn bí ewé tuntun,
wọ́n jókòó jẹ́jẹ́.
"Nínú ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ," ó ní, "ta ni àlejò?"

Paramọ́lẹ̀ kì í lé ènìyàn;
kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni kò fẹ́.
Bí mo bá ń lọ sí ṣáláńgá,
mo ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, kì, kì,
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé.

Lóru kẹta, akátá gbé ọṣẹ mi lọ.
Ọṣẹ!
Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá náà nínú òkùnkùn.

Ọjọ́ tí erin dé ìdí ọpọ́n omi,
a kò sá, a kò sọ̀rọ̀.
Ó di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ògiri,
afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn wọn wá bá wa,
kò gbé tiwa lọ bá wọn,
títí ọmọ wọn fi mu àmutẹ́rùn.

Mo ti padà sókè ilé alájà mẹ́rin.
Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́,
mo gbọn bàtà mi lẹ́ẹ̀mejì.
Iyanrìn bíi ṣíbí kan dà sílẹ̀.
N kò gbá a.