Kí N Tó Tẹ Bọ́tìnì Yẹn

Ẹ̀dà kẹrin ló fẹ́ jáde lálẹ́ yìí,
nínú yàrá kan ní Tánkẹ̀, Ìlọrin.
Iná ti lọ látìgbà ìrun Iṣái,
fáànù dákẹ́ bí àlejò tí kò rí oúnjẹ,
bátìrì kọ̀ǹpútà mi ku mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo ní: jọ̀wọ́, ìwọ nìkan ló kù mí kù.

Ètò kékeré ni.
Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lọ,
kó kán tóótó kan sábẹ́ ẹ̀,
kí Yorùbá tí a tẹ̀ lè jọ èyí tí a sọ.
Kò ní olówó. A kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í.
Ẹni tó bá wù, kó wọlé, kó tú u wò,
kó rán ibi tó ya, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wọlé:
Ọláníhùn ní Òmù-Àrán, tó ń ta káàdì ìpè lọ́sàn-án
tó ń tún kóòdù ṣe lóru;
ẹnì kan tí mi ò mọ ojú rẹ̀, tí mi ò mọ ìlú rẹ̀,
tó pe ara rẹ̀ ní Ewúrẹ́-Méje.
Ìlà mẹ́ta péré ló fi ránṣẹ́ lóṣù Èrèlé,
ìlà mẹ́ta náà yára ju ogójì tí èmi kọ.
Mo fi orúkọ náà sínú ìwé ọpẹ́ bó ṣe kọ ọ́.
Ewúrẹ́-Méje, ẹ kú iṣẹ́ o.

Tíṣà Bámigbóyè ní tirẹ̀ kò kí mi kú iṣẹ́.
"Mo tẹ orúkọ ìlú mi, Ìgbájà,
ètò yín fún mi ní ìgbàjá.
Ṣé kí n wá so ìlú bàbá mi mọ́ ìbàdí ni?"
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́:
oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àṣìṣe ọ̀hún.
Ó lúgọ sínú ìlà tí èmi fúnra mi kọ
lọ́jọ́ tí mo rò pé mo gbọ́n.

Ìyá mi ń mọ ìkòkò ní agbo ilé Dada.
Ó ní, irú iṣẹ́ wo lèyí tí kò ṣeé gbé rù?
Síbẹ̀ òun ló kọ́ mi:
bí ìkòkò bá tinú iná jáde tó tutù,
a ó fi ìka kàn án, kọ́, kọ́, a ó dẹtí.
Èyí tó bá dún gooro, ó dọjà.
Èyí tó bá dún pọ̀kù, bó ti wù kó dán tó,
adìyẹ ni yóò máa mu omi nínú rẹ̀.

Mo kan tèmi. Igba ọ̀rọ̀ ó lé méjìlá.
Ìgbájà. Ó dún.
Ọ̀fà. Ó dún. Àjàṣẹ́. Ó dún.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Pọ̀kù.

Ọláníhùn pè: "Ká sún un síwájú."
Mo ní, látìgbà òjò la ti ń sún un,
ọyẹ́ ti dé báyìí, ètè ti ń bó.
Fóònù àtijọ́ nìkan ló ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára.
Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé,
sí òkè pátápátá, níbi tí afọ́jú á ti fọwọ́ bà á:
"A mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì ń já àmì ìkẹyìn sọnù.
Ẹ má bínú. Ó ń bọ̀."

Bátìrì ku mẹ́fà.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ariwo. Ajá kan gbó lọ́nà Òkè-Ódò, kì í ṣe nítorí mi.
Ìlà tín-ín-rín kan ń rákò lójú kọ̀ǹpútà,
ó dúró, ó rákò, ó kún.
Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, mo sùn sórí àga.

Láàárọ̀, fóònù mi gbọ̀n. Tíṣà Bámigbóyè ni:
"Ìgbájà ti pé. Ẹ ṣé.
Kí ló wá ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀?"