Àmánà

Kí Àlàájà Wòsílátù tó lọ ṣe Úmúrà,
ó kó ìkòkò mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,
ó ní, "Gàníyù, àmánà rèé."
Èmi fọkanáísà Ìta-Àmọ̀dù,
tí ọwọ́ mi kò mọ̀ ju táyà àti ọṣẹ omi lọ.

Ó ka òfin wọn bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ iléèwé:
èyí kì í mu omi ẹ̀rọ, omi òjò ni;
ìyẹn ò fẹ́ oòrùn lójúkojú, kò sì fẹ́ òkùnkùn;
ẹ̀kẹta, má yí i padà, má fọwọ́ kàn án,
má jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí i.
Mo ní, "Ṣé ewé ni wọ́n ni, àbí ọ̀ṣìngín ìyàwó?"
Ó ti wọ takisí.

Omi òjò, nínú Ramadáànì tó bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn!
Odò Àsà ti fà sẹ́yìn, òkúta rẹ̀ ń yọ eyín.
Mo fi eyín já ọ̀rá píọ̀-wọ́tà,
mo yára tu ẹ̀kán tó kàn mí láhọ́n dànù.
Èmi tí ọ̀fun mi gbẹ,
èmi ni mò ń bu omi fún ẹni tí kò bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ Òwu ló kọ́kọ́ bínú.
Nísàlẹ̀ omi tó ń já láti òkè l'Ọ̀wá-Kájọlà
ni wọ́n ti hú u, níbi tí ìrì kì í tán.
Nínú yàrá mi, ewé rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ wúruwùru
bí irun lẹ́sẹ̀ onígbàjámọ̀.
Mo gbé e bọ ọpọ́n tí mo fi ń wá ihò táyà.
Ó hó! Púkẹ́-púkẹ́, púkẹ́-púkẹ́.
Háà. Èyí mo mọ̀.
Táyà, bó bá hó, ó ń jò ni.
Èyí hó, ó ń mu ni.
Mo dúró tì í títí ó fi dákẹ́.

Èyí tí mo sọ ní Awòṣífìlà,
eléwé tótòtó bí ẹyẹ awó,
etí rẹ̀ ń jó bíi bébà.
Ṣùgbọ́n kí ládàánì tó pe mọ̀ǹgáríbì
ó ká ewé rẹ̀ gbogbo sókè
bí ẹni tó tẹ́wọ́ ń tọrọ.
Mi ò sọ fún ẹnì kankan.
Mo gbé dàbínù mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
a jọ ṣínu.

Ẹ̀kẹta, ìtọ́jú ló pa á.
Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ bó ti ń gbẹ mí:
mo fún un ní sáárì, mo fún un ní ìṣínu.
Lọ́jọ́ kan mo fà á, ó bá mi lọ láìjà,
gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kẹ̀.

Àlàájà dé. Mo dọ̀bálẹ̀ ti òfìfo ìkòkò.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú:
"Ìyẹn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kú mọ́ mi lọ́wọ́,
tí mò ń ra òmíràn rọ́pò.
Mo ní bóyá ọwọ́ tìẹ á tutù."

Ó ní kí n gbé méjì tó kù gòkè.
Mo ní ó di ọ̀la.
Ilẹ̀ ò tíì ṣú.