Ọ̀kan sí Òdo

A lọ nà wọ́n mọ́lé wọn ní Ṣàgámù, ọ̀kan sí òdo,
síbẹ̀ ojú Ṣówálé le bí ẹni tí wọ́n nà.
Ní Láfẹ́nwá, lẹ́bàá rélùwéè,
atẹ́gùn ń wọ táyà, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀:
"Ṣé ìborí lẹ pe ìyẹn?
Ìdajì eré ni wọ́n fi há wa mọ́gun bí ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́.
Ọ̀pá góòlù ló gbà wá, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kankan."

Dáúdà fò dìde lórí bẹ́ǹṣì:
"Ẹni tó fi náírà kan jù ọ́ lọ,
ṣé kò jù ọ́ ni?"

Mọ́ríyámọ̀ ò gbójú sókè nídìí káàdì tó ń tà.
"Ẹ̀yin tẹ́ ò wọ mọ́tò lọ, ẹ rọra.
Èmi ni òjò pa.
Ó ti rẹ nọ́ńbà mẹ́fà láti oṣù tó kọjá,
ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kígbe, kóòṣì ò gbọ́."

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kadà kan dúró.
Nọ́ńbà mẹ́fà fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
bàǹdéèjì lọ́rùn ẹsẹ̀.
Dáúdà fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún un.
Ṣówálé fún táyà wọn, kò gbowó.
Ọmọ náà kí wa kárí, ó tiro padà gun ọ̀kadà.

A dákẹ́
títí wọ́n fi gba orí afárá Odò Ògùn kọjá.

Ṣówálé nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò:
"Ẹ ò rí i? Mo ti sọ.
Ní Sátidé, wọ́n á nà wá."
Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ti yọrí lápò àyà rẹ̀.