Ìṣirò Ẹ̀yìn Ìwé

Ìwé méjì dé lọ́sẹ̀ kan náà sílé wa ní Ìlawẹ̀.
Ọ̀kan nípọn bí awọ, ó ní òǹtẹ̀ wúrà létí,
ó wá láti yunifásítì aládàáni kan lẹ́yìn Ìbàdàn
níbi tí wọ́n ní iná kì í kú, tí omi ò sì í dá.
Ìkejì jẹ́ bébà lásán. Èmi ni mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde,
igba náírà, nídìí ẹ̀rọ tí íǹkì rẹ̀ ti ń tán:
"Adó-Èkìtì" hàn fírí bí ẹni tó ń tijú.

Bàbá mi mú èyí tó nípọn lọ sí sọ́míìlì.
Ó fi han Ọ̀gbẹ́ni Fálẹ́yẹ, ó fi han àwọn tó ń to pákó,
ó fi han awakọ̀ tó wá kó gẹdú, tí kò mọ̀ wá rí.
Nígbà tó fi padà délé,
ìyẹ̀fun igi ti kún gbogbo ojú ìṣẹ́po rẹ̀,
bàbá sì ti ń pè mí ní Dókítà.

Lálẹ́, mo yí ìwé náà padà.
Pẹ́ńsùlù tó fi ń sàmì sí pákó ló fi kọ ọ́:
Kòkó etí odò, àpò mẹ́jọ bí òjò bá dára.
Ọ̀kadà, tà á.
Àjọ, bẹ̀ wọ́n kí n kọ́kọ́ kó o.
Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé
níbẹ̀ ni ẹnu pẹ́ńsùlù ti tẹ̀ jù, tó lu bébà.

Mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀, lọ́dún kan.
Ọdún márùn-ún ni. Má ì ka oúnjẹ. Má ì ka ibùsùn.
Mo mọ ìṣirò; ṣebí tìtorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí.
Fọláṣàyọ̀ àbúrò mi ń fi rọ́bà so bàtà lọ síléèwé,
méjì sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá àgbà ń bó ẹ̀gúsí lójú àtẹ.
"Ulé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ló wí.
Mo ní, "Màmá, ìyanṣẹ́lódì ńkọ́?
Ọmọ Fálẹ́yẹ wọ Adó fún iṣẹ́ ọdún mẹ́rin,
ọdún kẹfà rèé, kò tíì jáde."
Kò dá mi lóhùn. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ ibẹ̀ yẹn.
Mo ti fi fóònù ọ̀rẹ́ mi wo yàrá ìkàwé wọn,
mo ti mú àga tí màá máa jókòó sí,
ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìkẹta sí ẹnu ọ̀nà.

Láàárọ̀, mo bá bàbá nídìí ayùn.
"Adó ni mo ń lọ." Ayùn ń ké, kò gbọ́.
Tàbí ó gbọ́.
Mo tún un sọ. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ.
Mi ò mọ̀ pé sọ́míìlì lè dákẹ́ báyẹn.
"Mo ti sọ fún wọn," ló wí.
"Gbogbo wọn ni mo ti sọ fún."
Ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò ní irun apá rẹ̀,
ó gbọ̀n ọ́n pẹ́, ju bó ṣe yẹ lọ,
ó wá ní, "Ọ̀kadà náà á ṣì gbé wa dé Adó.
Táyà ẹ̀yìn ni kò dára."

Ìwé tó nípọn náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
Àyè ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ ibi tó lu:
ibẹ̀ ni mo ń ṣírò owó epo àti owó ìwé sí.
Òǹtẹ̀ wúrà náà ò tíì ṣí.
Nígbà tí wọ́n bá yanṣẹ́ lódì,
mo máa ń fi èékánná họ ọ́.