Àpò Kíkorò

Bí bàbá mi bá ń kun ewúrẹ́ ní Ìkọ̀lé,
ọwọ́ rẹ̀ a máa yá bí ọwọ́ ẹni tí ń ka owó,
àfi tó bá kan ẹ̀dọ̀.
Níbẹ̀ ni ọ̀bẹ yóò ti máa yọ́ rìn.
"Ẹ má gbún mi lápá o."
Yóò fi ìka méjì gbé àpò kékeré kan jáde,
ó tutù, ó rí bí ewé tó ti pẹ́ nínú omi.
Tó bá fi bẹ́, ẹran bàjẹ́.
Tí kò bá bẹ́, gọ́tà ni ilé rẹ̀.
Èmi ọmọ alápatà gbà pé
ohun tó korò tó báyẹn, ńṣe ni Ẹlẹ́dàá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ọdún tí Màmá ò lè jẹ ẹran ọlọ́ràá mọ́ ni ojú mi là.
Ọ̀kẹ́lẹ́ iyán mẹ́ta péré,
ìrora á gba abẹ́ ìhà ọ̀tún, á gun èjìká,
á jókòó síbẹ̀ títí àkùkọ yóò fi kọ.
A gbé e dé Ìdó.
Òkúta ni. Mọ́kànlá. Wọ́n rí bí erèé tí kò jinná.

Nọ́ọ̀sì Fọláwẹ̀ bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, mò ń fọ abọ́ ọbẹ̀.
"Ṣé o rí epo yìí? Da omi sí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú,
orí omi ni yóò jókòó sí bí ìjòyè.
Wá kán ọṣẹ sí i.
Iṣẹ́ òróòro nìyẹn nínú ìfun.
Òun kọ́ ló ń da ọ̀rá,
ó kàn ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ni,
kí oje tí yóò dà á lè ráyè bọ̀ ọ́ lára.
Ẹ̀dọ̀ ló ń pò ó, tọ̀sán-tòru.
Àpò yẹn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni;
ọ̀rá dé ẹnu ọ̀nà, á fún ara rẹ̀ bí aṣọ tútù."

Wọ́n yọ àpò náà.
Ẹ̀dọ̀ ò torí ẹ̀ bínú,
ó ń kán tirẹ̀ tààrà sínú ìfun,
tó, tó,
bí òrùlé tó ń jò lẹ́yìn òjò.
Màmá náà ń jẹ epo díẹ̀díẹ̀,
ó sì ń bú wa pé ọbẹ̀ wa gbẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá bàbá mi nídìí ẹran.
Ó yọ àpò náà, ó fẹ́ jù ú,
ó dúró.
Ó gbé e sí oòrùn, ó wò ó títí.
"Ṣé ìwọ lo ti ń bá mi ru ọ̀rá láti ọjọ́ yìí?"
Ó jù ú sí gọ́tà ṣá.
Ṣùgbọ́n ó rọra jù ú.